Ìdínkù Òṣìṣẹ́ àti Àwọn Tó Ti Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Èkó, Ìbàdàn àti agbègbè wọn máa ń béèrè léraléra nígbàkígbà tí ariwo bá ta pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Ìdáhùn wọn nìyí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó takókó.

Kí ni ìdínkù òṣìṣẹ́, kí ló sì fi yàtọ̀ sí kí wọ́n lé ènìyàn nítorí ẹ̀ṣẹ̀?

Ìdínkù òṣìṣẹ́ ni kí ilé-iṣẹ́ yọ ènìyàn níṣẹ́ nítorí pé iye òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ, kì í ṣe nítorí pé ẹni náà jalè tàbí pé ó tẹ òfin ilé-iṣẹ́ lójú. Bí Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, Labour Act, ṣe túmọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn: kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn pátápátá, láìjẹ́ pé òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí lẹ́tà tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa kì í sọ èyí tó jẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú rẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ kò nílò iṣẹ́ yín mọ́. Ẹni tó gbà á kò ní mọ̀ bóyá òun ṣẹ̀ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú náà kò ní mọ̀. Ẹ kọ̀wé padà, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní kedere pé ìdínkù òṣìṣẹ́ ni.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn àgbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ?

Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ ju bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ. Tí ilé-iṣẹ́ bá kó kúrò pátápátá, bí GSK, ilé-iṣẹ́ apoògùn, ṣe kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, àtọmọdé àtàgbà ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọjọ́ orí ni wọ́n wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àgbà ti ń yọjú ni ìdínkù tí wọ́n ti ń ṣa ènìyàn yọ. Ẹ rántí ọdún 2005, nígbà tí àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ kéde ní 2004 gbé owó ìdókòwò tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà sí bílíọ̀nù 25, tí báńkì 89 sì di 25 nígbà tí gbèdéke náà pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ọdún yẹn ni National Bank, tí àwọn àgbà Ìbàdàn mọ̀ bí ẹni mọ owó, wọ inú Wema. Nígbà tí báńkì méjì bá di ọ̀kan, tí ẹ̀ka méjèèjì kọjú síra wọn ní Dùgbẹ̀, máníjà á di méjì, ẹni tó ń ṣe olórí àwọn tó ń kàwó á di méjì, ṣùgbọ́n àga kan ṣoṣo ló wà. Ìbéèrè tí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá dé oríta yẹn gbọ́dọ̀ dáhùn ni ẹni tí yóò jókòó àti ẹni tí yóò dìde. Irú oríta bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn báńkì tún bá ara wọn nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ kéde ní oṣù kẹta ọdún 2024 pé kí àwọn tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní bílíọ̀nù 500.

Kí ló ń mú kí ojú àwọn ọ̀gá wà lára ẹni tó ti pẹ́?

Owó ni. Ẹni tó bá ti lo ogún ọdún ti gba ìgbéga, owó oṣù rẹ̀ ti gòkè, ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ ti gùn, bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì ń san gírátúítì, ọdún kọ̀ọ̀kan ń fi kún ohun tí wọn yóò san fún un. Ká ní ó ń gba ₦600,000 lóṣù. Ẹni tó ń wo ìwé ìṣirò ní olú ilé-iṣẹ́ lè rí i pé owó ẹnì kan yìí yóò gba ọmọ tuntun mẹ́ta tí wọ́n ń gba ₦200,000 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ alágbàtà tó ń pèsè òṣìṣẹ́, tí wọn kò sì ní gírátúítì kankan. Kò sí ibi tí wọn yóò ti kọ ọ̀rọ̀ «àgbà» sínú ìpàdé náà. Iye owó ni wọn yóò máa dárúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí yóò jáde lẹ́yìn ìṣirò náà, ti àwọn tó ti pẹ́ ni.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ju ohunkóhun lọ: ẹ má ṣe retí láti gbọ́ pé wọ́n kórìíra àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ orúkọ wọ̀nyẹn fẹ́ràn àwọn tí wọ́n ń yọ, wọ́n sì ń pè wọ́n ní bọ̀dá àti àǹtí. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣà wọ́n ni ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ nípa ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ?

Ohun tí òfin sọ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Abala 20 nínú Labour Act ní kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ìdí tí ìdínkù fi fẹ́ wáyé àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ. Ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dúnàádúrà lórí owó tí wọn yóò san fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n fi ìlànà «ẹni tó dé kẹ́yìn» yìí wo ọgbọ́n iṣẹ́, agbára àti bí òṣìṣẹ́ ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé pẹ̀lú. Ẹnu ọ̀nà yìí ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń gbà wọlé: wọ́n á ní ẹni tó ti pẹ́ kò bá tágẹ́ẹ̀tì. Kò burú bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi agbára iṣẹ́ borí pípẹ́ gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ tó fi hàn pé ó wọn gbogbo ènìyàn ní òṣùwọ̀n kan náà.

Máníjà ni mí. Ṣé òfin yẹn dé ọ̀dọ̀ mi?

Ó ṣeé ṣe kó má dé ọ̀dọ̀ yín. Labour Act yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso, iṣẹ́ alákòóso àgbà, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò lára àwọn tí ó ń pè ní òṣìṣẹ́. Ó bani nínú jẹ́, nítorí àwọn tó ti pẹ́ gan-an ni ìgbéga ti gbé dé ipò tí òfin náà kò bò mọ́.

Ohun tó bò yín ni ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí, ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yín, àti àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá bá àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe. ASSBIFI ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ní báńkì àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, NUBIFIE sì ni ti àwọn òṣìṣẹ́ kékeré. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba tí òfin pàtó dáàbò bo ipò rẹ̀ wà ní àyè mìíràn, nítorí ilé-ẹjọ́ lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ bí wọn kò bá tẹ̀ lé ìlànà òfin náà nígbà tí wọ́n yọ ọ́.

Ǹjẹ́ òfin kan wà ní Nàìjíríà tó ka ẹ̀tanú nítorí ọjọ́ orí léèwọ̀ lẹ́nu iṣẹ́?

Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan tó dá dúró fún un. Abala 42 ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú, kò dárúkọ ọjọ́ orí. A ní òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní kòkòrò HIV láti 2014, a sì ní ti àwọn aláàbọ̀ ara láti 2018. Ní tèmi, àlàfo ńlá ni pé àgbà òṣìṣẹ́ kò ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ṣófo pátápátá. Àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin náà ní 2010 fún National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tanú lẹ́nu iṣẹ́ àti ti ìwà àìtọ́ sí òṣìṣẹ́, kí ó sì wo ìlànà tó dára jù lágbàáyé. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ọdún 22 ni mo fi sìn wọ́n, owó oṣù kan péré ni wọ́n san. Ṣé ó bófin mu?

Ó lè bófin mu, bó tilẹ̀ dunni. Labour Act ní kí wọ́n fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìfitónilétí oṣù kan. Kò sí ìpele mìíràn lókè ìyẹn: ọdún 6 àti ọdún 30, oṣù kan náà ni. Bí wọ́n bá sì fẹ́ san owó dípò ìfitónilétí, owó oṣù gan-an ni òfin ní kí wọ́n ṣírò, láìka àjẹmọ́nú mọ́ ọn.

Obìnrin kan fi lẹ́tà rẹ̀ méjèèjì hàn mí, èyí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ àti èyí tí wọ́n fi dá a dúró lẹ́yìn ọdún 22. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta, wọ́n kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe sínú rẹ̀. Ti ìkẹyìn jẹ́ ìpínrọ̀ méjì, ìpínrọ̀ kejì sì ń sọ fún un pé kó dá káàdì ìdánimọ̀ àti kọ̀ǹpútà padà kí aago márùn-ún tó lù.

Oṣù kan yìí kì í ṣe gbogbo ẹ̀tọ́ yín o. Ẹ wo ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ bóyá gírátúítì tàbí owó ìdínkù òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, kí ẹ ka owó ìsinmi tí ẹ kò lò mọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè fún ìṣirò wọn ní kíkọ sílẹ̀.

Wọ́n ní kí n fúnra mi kọ ìwé ìfipòsílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí: wọ́n á pè yín sí yàrá kékeré ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ á wà lórí tábìlì, bírò á sì wà lórí ìwé náà. Wọ́n á ní ó sàn fún yín bẹ́ẹ̀, kí orúkọ yín má baà bàjẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ni pé ẹni tó fúnra rẹ̀ fipò sílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ìdínkù òṣìṣẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ mú ìwé náà lọ sílé. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i nítorí ìbẹ̀rù, ẹ kọ ìwé sí wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé ẹni tó pè yín, aago tó pè yín àti ohun tó sọ. National Industrial Court ti gbà nínú ẹjọ́ púpọ̀ pé ìfipòsílẹ̀ tí wọ́n fipá mú ènìyàn ṣe, yíyọ níṣẹ́ ni.

Ọmọ ọdún 46 ni mí. Ìgbà wo ni mo lè fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì mi?

Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọdún 50 lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àkáùntì rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí kò bá rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá ti pé 50 lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì máa gba ìyókù díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ yẹ àkáùntì náà wò dáadáa. Ìdá 8 ni wọ́n ń yọ lára owó yín, ìdá 10 ni agbanisíṣẹ́ ń fi kún un, òfin sì fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá san owó oṣù láti fi ránṣẹ́. Bí oṣù kan bá sọnù níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san án pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 lóṣooṣù.

Ṣé gbèsè tí mo jẹ ilé-iṣẹ́ lè gbé owó mi mì?

Ó lè gbé púpọ̀ mì. Owó tí báńkì yá òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ilé tàbí mọ́tò máa ń ní èlé kékeré, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń sọ pé èlé náà yóò di ti ọjà lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò. Ẹni tó ti pẹ́ ló sábà máa ń ní irú gbèsè yìí jù. Ẹ dúnàádúrà lórí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìkẹyìn, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ìpè yín.

Ṣé ìjọba lè ní kí wọ́n má yọ ènìyàn?

Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Chris Ngige tó jẹ́ mínísítà ètò iṣẹ́ nígbà náà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì dá yíyọ òṣìṣẹ́ dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, Báńkì Àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá báńkì ní kí ẹnikẹ́ni má yọ òṣìṣẹ́ láìgba àṣẹ. Ìdádúró fún ìgbà díẹ̀ ni méjèèjì, kò yí òfin padà.

Wọ́n ní àwọn àgbà kò mọ iṣẹ́ ìgbàlódé. Ṣé wọn kò jàre?

Nígbà mìíràn wọ́n jàre. Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ kọ́ ohun tuntun, a kò gbọdọ̀ tìtorí pé wọ́n dàgbà ká sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó gbà, ẹ béèrè iye ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà rán wọn lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báńkì kí kọ̀ǹpútà tó gbòde ni wọ́n fi ọwọ́ kó àkọsílẹ̀ inú ìwé ńlá wọnú ẹ̀rọ, àwọn kan náà ni wọ́n ń pè nísinsìnyí ní ẹni tí kò lè kọ́ nǹkan.

Ìmọ̀ kan sì wà tí kò sí nínú ẹ̀rọ. Akọ̀wé tó ti pẹ́ ní ẹ̀ka kan mọ oníṣòwò tó máa ń yáwó lóṣù kẹwàá tó sì máa ń san án lẹ́yìn ọdún tuntun, ó sì mọ ìfọwọ́sí tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti olówó gan-an. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà yẹn ni báńkì fi ń mọ gbájú-ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹni ọdún 48 tí wọ́n yọ kì í tètè rí iṣẹ́ mìíràn?

Ibí yìí ni ìyà náà ti di ìlọ́po méjì. Ẹ wo ìpolówó iṣẹ́ ní Nàìjíríà: «kò gbọdọ̀ ju ọdún 26 lọ», «kò gbọdọ̀ ju 35 lọ». Wọ́n kọ ọ́ gbangba, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè, nítorí àlàfo òfin tí mo sọ lókè. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé yíyọ ẹni ọdún 25 àti ẹni ọdún 48 jẹ́ ohun kan náà: ọmọdé pàdánù iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n àgbà lè má tún rí iṣẹ́ olóṣù ṣe mọ́ láyé rẹ̀, ní àkókò tí owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dé.

Ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì wà ní Amẹ́ríkà. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbẹ̀?

Rárá. Ní Britain, òfin ọdún 2010 tí wọ́n ń pè ní Equality Act ka ẹ̀tanú ọjọ́ orí léèwọ̀. Owó ìdínkù òṣìṣẹ́ níbẹ̀ sì ń pọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí fún ẹni tó ti lo ọdún méjì: owó ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó bá lò láti ìgbà tó ti pé 41, ọ̀sẹ̀ kan fún èyí tó lò láàárín 22 sí 40, ààbọ̀ ọ̀sẹ̀ fún èyí tó ṣáájú, ọdún tí wọn yóò kà kò sì lè ju ogún lọ.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1967 ń dáàbò bo ẹni tó ti pé 40. Òfin mìíràn ní 1990 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kí àwọn tó ń yọ lápapọ̀ fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní pe ẹjọ́, ó gbọ́dọ̀ fún wọn ní ọjọ́ 45 láti rò ó àti ọjọ́ méje láti yí ọkàn padà, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ orí àwọn tó yọ àti ti àwọn tó fi sílẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ ní 1993 pé pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti dídàgbà kì í ṣe ohun kan náà, ó sì sọ ní 2009 pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ orí ni, wọn kì bá tí yọ òun.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè fi hàn pé ọjọ́ orí ló fà á?

Ẹ kà wọ́n. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà ní ẹ̀ka yín sílẹ̀, ọjọ́ orí wọn, ọdún tí wọ́n gbà wọ́n, ẹni tó lọ àti ẹni tó kù. Bí nǹkan bí ogún ènìyàn bá wà níbẹ̀, tí mẹ́fà lọ, tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti lé ní ọdún 45, ìyẹn kò tíì jẹ́ ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ní àlàyé láti ṣe.

Lẹ́yìn náà ẹ wá ìwé: èsì àyẹ̀wò iṣẹ́ yín lọ́dọọdún, lẹ́tà ìyìn, àti ìròyìn lórí ẹni tó gba ipò yín. Bí wọ́n bá ní ipò náà ti parẹ́, tí wọ́n sì fi ọmọ ọdún 27 síbẹ̀ lóṣù kejì pẹ̀lú orúkọ tuntun, ipò náà kò parẹ́. Ẹ tọ́jú àwọn ìwé tó jẹ́ tiyín kí lẹ́tà tó dé, nítorí lọ́jọ́ tó bá dé, káàdì yín kò ní ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ má kó ìwé oníbàárà o, ìyẹn lè di ẹ̀sùn sí yín lọ́rùn.

Mo ti gba owó tí wọ́n san. Ṣé mo ṣì lè pe ẹjọ́?

Ó le. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ti sọ pé ẹni tó gba owó ìdágbére rẹ̀ láìjanpata kò lè padà wá sọ pé yíyọ náà kò fìdí múlẹ̀. Ẹ ṣì lè béèrè owó tí wọ́n ṣì jẹ yín lábẹ́ àdéhùn. Bí ebi kò bá jẹ́ kí ẹ lè kọ owó náà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ìgbowó pé ẹ gbà á láìfi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ sì wá lọ́yà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Bí àgbà kò bá lọ, ṣé àwọn ọmọ tuntun ló yẹ kó lọ?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ilé tí wọ́n ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ìlànà «ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó lọ» sì lè pa wọ́n lára; ní Britain, ilé-iṣẹ́ tó bá fi pípẹ́ nìkan ṣe òṣùwọ̀n lè ní ẹjọ́ láti jẹ́ nítorí àwọn ọ̀dọ́. Èmi kò sọ pé ẹni tó ti pẹ́ kò gbọdọ̀ lọ láé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n wọn iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe owó oṣù rẹ̀ nìkan, kí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè bóyá ó fẹ́ lọ tinútinú pẹ̀lú owó tó nítumọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ti súnmọ́ ìfẹ̀yìntì ló máa gbà, bí owó náà bá tó.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn tí yóò lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ béèrè ìlànà tí ẹ ó lò, ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ tó kọ orúkọ kankan. Ẹ bo ọjọ́ orí àti owó oṣù mọ́lẹ̀, kí ẹ fi iṣẹ́ nìkan to orúkọ náà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí i, kí ẹ ka iye àwọn tó ti lé ní 45 nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ló kún un, ẹ padà wo òṣùwọ̀n tí ẹ lò.

Bí ọ̀gá yín bá dá orúkọ náà padà pé kí ẹ fi «àwọn tí owó wọn pọ̀» rọ́pò, ẹ ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi tọ́jú, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín wà nídìí ìwé náà ni wọn yóò pè wá ṣàlàyé.